Gbígbà Aláìsàn Titun sí Ilé Ìtọ́jú Àwọn Àgbà: Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì ní Ọjọ́ Kìn-ín-ní

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin olùkàwé wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò tí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà. Bí a bá bi yín léèrè irú ilé ìwòsàn tí ọmọ náà wà, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ilé àwọn arúgbó ni ó ti ń ṣiṣẹ́." Wọn a sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, bí ẹni pé iṣẹ́ náà kò tó ohun tí à ń dárúkọ láàárín àwùjọ, bí ẹni pé kí a bọ́ arúgbó kí a sì wẹ̀ fún un ni gbogbo rẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà. Nítorí náà ni a fi fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí ṣàlàyé apá kan nínú iṣẹ́ náà, èyíinì ni ohun tí nọ́ọ̀sì ní láti ṣe ní ọjọ́ tí a bá gbé aláìsàn titun dé. Apá yìí ṣòro púpọ̀, àṣìṣe tí a bá sì ṣe ní ọjọ́ náà lè gba ẹ̀mí ènìyàn kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Ilé tí à ń wí yìí yàtọ̀ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tí ì ranlẹ̀, lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbẹ̀ kí ó tó padà sí ilé ara rẹ̀. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ìgbàgbé ti sọ di aláìlágbára lè wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ikú. Láti 1965 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti dá ètò Medicare àti Medicaid sílẹ̀ ni owó ìjọba ti ń wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú inú ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dára. Ní 1986, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan gbé ìwé ìwádìí jáde lórí ọ̀ràn náà. Ní 1987, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin kan, Ààrẹ Ronald Reagan sì fi ọwọ́ sí i, pé ilé tí ó bá ń gba owó ìjọba gbọ́dọ̀ yẹ olúkúlùkù ẹni tí ó bá wọlé wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Lónìí, ọjọ́ 14 ni òfin fún wọn láti parí àyẹ̀wò kíkún náà. Ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí arúgbó láàárín ọjọ́ 14. Nítorí náà, láti oṣù kọkànlá 2017, ìjọba pa á láṣẹ pé ètò ìtọ́jú àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé kí wákàtí 48 tó kọjá.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Dókítà kì í gbé inú ilé náà. Òfin ní kí ó máa rí aláìsàn titun ní ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán ní ọgbọ̀n ọjọ́, fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, ó lè di ẹ̀ẹ̀kan ní ọgọ́ta ọjọ́. Lórí tẹlifóònù ni ó ti máa ń pàṣẹ ní àwọn ọjọ́ tí ó kù. Nọ́ọ̀sì ni ojú rẹ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì kò bá rí, dókítà kò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá àgbà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 82 ni. Ó ṣubú ní ilé ìwẹ̀, egungun itan rẹ̀ kán lókè níbi tí ó ti bá ìbàdí pàdé, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì lo ọjọ́ mẹ́fà ní ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ilé ìwòsàn fẹ́ fi ibùsùn rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn já a sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú. Àwọn tí ó gbé e wá fi ìdì ìwé kan lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Nọ́ọ̀sì náà ní ogún ènìyàn mìíràn tí ń dúró de oògùn alẹ́.

Kí ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní kí ó ka ìwé. Rárá o. Ojú ìyá náà ni kí ó kọ́kọ́ wò. Ǹjẹ́ ó ń mí dáradára? Ǹjẹ́ ó mọ ibi tí ó wà? Ǹjẹ́ ìrora ń bá a? Lẹ́yìn èyí ni yóò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìgbóná ara rẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù àti iye ìgbà tí ó ń mí ní ìṣẹ́jú kan. Ìwé lè sọ pé ara rẹ̀ ti mókun, nígbà tí ó jẹ́ pé àárọ̀ ni a kọ ọ́, tí ibà sì ti gbé e ní ọ̀sán. Bí nọ́ọ̀sì bá rí i pé àìsàn náà ju agbára ilé náà lọ, kí ó pe dókítà lójú ẹsẹ̀, kí a sì dá a padà. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Kí ó sì kí i. Ìyá àgbà náà ń bẹ̀rù. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ó ń se oúnjẹ fún ara rẹ̀. Nísinsìnyí àwọn àjèjì ń gbé e kiri lórí ibùsùn onítáyà. Nọ́ọ̀sì yóò sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un, yóò sì bi í léèrè orúkọ tí ó fẹ́ kí a máa pè é. Níhìn-ín ni àwọn ọmọ wa ti máa ń rí ìṣòro díẹ̀, nítorí pé bí ìyá náà bá ní kí a máa pe òun ní orúkọ òun láìfi ohunkóhun ṣáájú, ẹnu ọmọ Yorùbá a wúwo láti pe ẹni tí ó tó ìyá rẹ̀ àgbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ aláìsàn ni a ó tẹ̀lé.

Nísinsìnyí ni ó kan oògùn, ibi tí ewu pọ̀ sí jù. Ìwé mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì ní láti tẹ́ síwájú ara rẹ̀: ìwé oògùn tí ìyá náà ń lò nílé kí ó tó ṣubú, ìwé èyí tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn, àti ìwé èyí tí dókítà ilé ìwòsàn ní kí ó máa lò láti òní lọ. Àwọn ìwé mẹ́ta yìí kì í sábà bára mu. Oògùn ọkàn tí ó ti ń lò fún ọdún mẹ́wàá lè ṣàìsí nínú ìwé ìkẹta. Ṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá a dúró ni, àbí akọ̀wé gbàgbé rẹ̀? Nọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ fi orí ara rẹ̀ dá a lóhùn. Kí ó pe dókítà. Oògùn kan náà sì lè ní orúkọ méjì, orúkọ tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é fún un àti orúkọ tí àwọn oníṣègùn mọ̀ ọ́n sí. Nọ́ọ̀sì tí kò bá fara balẹ̀ lè fún arúgbó ní oògùn kan lẹ́ẹ̀méjì láìmọ̀.

Ẹ wo àwọn àpẹẹrẹ yìí. Ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún ní láti lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá bọ́ nínú ìwé, ẹ̀jẹ̀ lè dì ní ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó rìn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa á. Oògùn kan wà tí à ń pè ní methotrexate, tí a máa ń fún àwọn tí oríkèé ara ń dùn. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì kọ "lójoojúmọ́," májèlé ni. Àṣìṣe yìí gan-an ti pa ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ínsúlínì fún alátọ̀gbẹ: kò tó kí a mọ iye tí ó ń gbà, a gbọ́dọ̀ mọ wákàtí tí ó gbà á kẹ́yìn. Bí a bá gún un ní abẹ́rẹ́ náà ní ilé ìwòsàn kí ó tó wọ ọkọ̀, tí a sì tún gún un nígbà tí ó dé, láìjẹun, a lè bá a ní àìmọ ara rẹ̀ ní òru.

Ti oògùn ìrora tún wà níbẹ̀. Àwọn oògùn ìrora tí ó lágbára wà lábẹ́ ìṣọ́ òfin, ilé oògùn kò sì ní fi wọ́n ránṣẹ́ láìsí ìwé tí dókítà fi ọwọ́ sí. Bí ìwé yìí kò bá sí nínú ìdì ìwé, tí dókítà ilé ìwòsàn sì ti lọ sí ilé rẹ̀ ní alẹ́ Jímọ̀, ìyá tí egungun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán yóò máa kérora títí nọ́ọ̀sì yóò fi rí dókítà mìíràn. Nítorí náà ni nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ yìí yé fi máa ń bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù ní ọ̀sán, kí ọkọ̀ tó gbéra rárá. Yóò bi í pé: ìwé oògùn ìrora ńkọ́? Oògùn wo ni ara rẹ̀ kò gbà? Ṣé egbò wà lára rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ egbò yìí, kí nọ́ọ̀sì má ṣe gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda aláìsàn, kí a fa aṣọ ìkélé, kí a sì yẹ gbogbo awọ ara rẹ̀ wò. Ibi tí egungun bá ti sún mọ́ awọ ni ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ti ń dá egbò: gìgísẹ̀, egungun ìdí, ìbàdí, ìgbúnwọ́, àní ẹ̀yìn etí pàápàá. Lára òyìnbó, awọ tí ó fẹ́ di egbò máa ń pọ́n. Lára ẹni dúdú, pípọ́n náà kì í hàn bẹ́ẹ̀; nọ́ọ̀sì ní láti fi ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná tàbí ó le ju awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó sì wò ó bóyá ó dúdú sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ti àtijọ́ kò kọ èyí sí i, nítorí pé awọ funfun ni wọ́n fi kọ́ni. Bí ó bá rí egbò, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ sílẹ̀, kí ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ náà. Egbò tí a kò kọ ní ọjọ́ tí aláìsàn dé, ilé ìtọ́jú ni yóò jẹ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́yìnwá.

Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ń lò láti mọ ẹni tí egbò lè tètè dá sí lára. Àwọn obìnrin nọ́ọ̀sì méjì, Barbara Braden àti Nancy Bergstrom, ni ó ṣe é, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1987. Nǹkan mẹ́fà ni ó ń wò: bóyá aláìsàn ń mọ ìrora lára, bí ara rẹ̀ ti ń tutù tó, bóyá ó ń rìn, bóyá ó lè yí ara padà lórí ibùsùn, bí ó ti ń jẹun, àti bí aṣọ ibùsùn ti ń ha á lára. Máàkì 23 ni ó ga jù. Ẹni tí ó bá gba 18 sí ìsàlẹ̀ wà nínú ewu.

Alẹ́ àkọ́kọ́ ní ewu tirẹ̀. Ìyá náà yóò jí ní òru, yóò máa wá ilé ìgbẹ́ ní ibi tí ó wà nínú ilé rẹ̀ àtijọ́, yóò sì dìde lórí ẹsẹ̀ tí kò lè gbé e. Kí ibùsùn wà nílẹ̀ọ́lẹ̀, kí agogo ìpeni wà ní ọwọ́ tí ó lè fi tẹ̀ ẹ́, kí a sì bi í bóyá ó fẹ́ tọ̀ kí ó tó sùn. Dídè é mọ́ ibùsùn nítorí kí nọ́ọ̀sì lè sinmi, òfin 1987 kọ̀ ọ́.

Ìbéèrè kan kù tí ó máa ń ta àwọn ènìyàn wa létí. Òfin kan tí a ṣe ní 1990 ní kí a sọ fún olúkúlùkù ẹni tí ó bá wọlé pé ó ní ẹ̀tọ́ láti gba ìtọ́jú tàbí láti kọ̀ ọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní bí ọkàn ìyá náà bá dáwọ́ dúró, bóyá ó fẹ́ kí a tẹ àyà òun láti jí i padà. Létí wa, ó dàbí èpè. Ta ni yóò dúró níwájú àgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ó máa bi í léèrè ikú? Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí a kò bá béèrè, tí ọkàn sì dúró ní agogo mẹ́ta òru, títẹ̀ ni a ó tẹ̀ ẹ́, bí egungun ìhà rẹ̀ tilẹ̀ kán, ì báà ṣe pé ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ tipẹ́ pé òun kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ìjókòó ni kí a fi béèrè rẹ̀, kí ojú nọ́ọ̀sì àti ti aláìsàn dọ́gba, lẹ́yìn tí a bá ti fún un ní omi mu.

Kí a má gbàgbé ẹrù rẹ̀. Eyín àtọwọ́dá, awò ojú, ẹ̀rọ ìgbọ́ran, òrùka: kí a kọ gbogbo rẹ̀. Eyín tí a fi bébà wé lórí àwo oúnjẹ a máa bá pàǹtírí lọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó tẹ̀ lé e wá jókòó ní igun yàrá, ó ń sunkún. Àwọn ará ilé wa a máa dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi pé ó gbé ìyá rẹ̀ dànù. Ẹ má ṣe yára. Òun nìkan ni ó bí, ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó ilé tí yóò bá a gbé ìyá rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru. Nọ́ọ̀sì tí ó bá gbọ́n yóò fà á mọ́ra, nítorí pé ohun tí kò sí nínú ìwé wà lẹ́nu rẹ̀: pé ìyá òun máa ń húkọ́ bí ó bá mu omi, èyí tí ó lè jẹ́ àmì pé omi ń ṣìnà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, pé etí òsì rẹ̀ di, pé olùkọ́ ni, kò sì fẹ́ kí a máa bá òun sọ̀rọ̀ bí ọmọdé.

Iṣẹ́ ìwé náà pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, a kò ní fi pamọ́. Nọ́ọ̀sì lè lo wákàtí púpọ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, kí ó kọ ẹ̀yìn sí aláìsàn tí ó ń kọ nípa rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní lọ sí Amẹ́ríkà láéláé, ẹ̀kọ́ yìí wà fún yín pẹ̀lú, nítorí pé ní ọ̀dọ̀ wa, ilé ọmọ ni ilé ìtọ́jú ọ̀pọ̀ àgbà. Ní ọjọ́ tí ilé ìwòsàn bá ní kí ẹ máa gbé ìyá yín lọ sílé, ẹ kó gbogbo oògùn tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ dání lọ, kí ẹ fi han nọ́ọ̀sì kí ẹ tó kúrò, kí ó sọ èyí tí yóò máa lò àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Ẹ béèrè wákàtí tí ó lo oògùn kẹ́yìn, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí ìwé. Bí ẹ bá dé ilé ní alẹ́, ẹ gbé iná sún mọ́ ibùsùn, kí ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì yẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wò.