ṢÁÀFÙ WO LÓ Ń SÚN?
Èdè-Ìperí Nínú Ṣọ́ọ̀bù Mẹ́káníìkì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sórí ọmọ ènìyàn nìkan. Bí orúkọ irin inú ọkọ̀ kò bá fi irin kan hàn yàtọ̀ sí èkejì, owó olówó lè ṣòfò. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá ni wọ́n fi ń kó pépà. Ọkọ̀ yìí wà lára àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́, ní Èkó, ní 1975. Ní Mexico ni wọ́n ti ṣe ìkẹyìn rẹ̀ ní 2003. Ní ọdún tó kọjá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó-kó-kó bí ọkọ̀ bá dúró láìpa iná. Mẹ́káníìkì kan ní, "Ṣáàfù ló ń sún." Ó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ó fi wáṣà pẹlẹbẹ kún ẹ̀yìn fúláwíìlì, ó gba owó. Ariwo kò lọ.

Èmi àti wọn jọ gbé ọkọ̀ náà lọ sí Bàrígà, sí ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí yunifásítì ní Akọ́kà. Nígbà tí ọ̀gá ibẹ̀ gbọ́ ìtàn wa tán, ìbéèrè kan péré ni ó bi wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣáàfù wo ni wọ́n ní ó ń sún?"

1. Ṣáàfù Méjì
Ṣáàfù pàtàkì méjì ló wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí. Kíránkì ló ń gba agbára lọ́wọ́ písítìnì. Kámú ló ń ṣí fáàfù. Bí kíránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámú a yí lẹ́ẹ̀kan. Jíà ló so wọ́n pọ̀, eyín jíà náà sì dà gẹ̀rẹ́. Nítorí náà, bí kíránkì ti ń yí kámú, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tì í sí ẹ̀gbẹ́. Bíárìnì kan tó ní ètè bí ètè ìkòkò ló ń dá kámú dúró. Bí ètè yìí bá jẹ, kámú a máa sún síwá sẹ́yìn. Ìgbà tí fáàfù ń ṣí kò ní dúró lójú kan mọ́, irin a máa kan irin, ẹ̀rún irin a sì bọ́ sínú ọ́ìlì.

2. Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Ọ́n
Bí a bá di púlì mú, tí a tì í, tí a sì fà á, ti kíránkì ni ọwọ́ wa yóò mọ̀. Kò lè sọ ti kámú. Ọ̀gá la ilé ẹ́ńjìnnì sí méjì, ó gbé kámú sínú ìlàjì kan, ó tì í sọ́tùn-ún sósì, ó sì fi abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àyè wò ó. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ló yẹ kí àyè náà jẹ́. Tiwa ti kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa.

3. Àtúnṣe
Ó fi bíárìnì tuntun tó ní ètè ní ìlàjì méjèèjì sí i. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ ojú jíà àti èjìká kámú wò bóyá wọ́n ti jẹ, ó sì yẹ ibi tí bíárìnì ń jókòó wò. Bí ibẹ̀ bá ti fẹ̀, bíárìnì tuntun kò lè dúró. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin ni ilé ẹ́ńjìnnì ń lọ. Lẹ́yìn náà, ó fọ ojú ọ̀nà ọ́ìlì, ó sì to jíà: àmì kan ti ara jíà kámú gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín àmì méjì ti ara jíà kíránkì.

4. Ẹ̀kọ́ Tó Kàn Wá
Mẹ́káníìkì àkọ́kọ́ kò purọ́: ṣáàfù ń sún lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò tó iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe. Àwọn àgbà wa ti ṣe gudugudu méje lórí èdè-ìperí gírámà àti lítíréṣọ̀. Láti 1970 ni ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Ta ni yóò wá ṣe ti ṣọ́ọ̀bù?

Àbá mi kò le. Kí a má ṣe lé kíránkì àti kámú jáde. Wọ́n ti di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n kí a pe àyè tí irin fi ń sún ní "àyè ìsún", kí a sì máa dárúkọ ẹni tó ni ín: àyè ìsún kíránkì, àyè ìsún kámú. Kí a pe bíárìnì tó ń dá irin dúró ní "bíárìnì elétè". Mo sọ wọ́n fún ọ̀gá náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Gbé bíárìnì elétè yẹn wá." Ọmọ náà kò ṣì í gbé.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a mú ìwé àti gègé dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìbéèrè tí ọ̀gá náà bi wá, ìbéèrè onímọ̀ èdè ni.