Ìtẹ̀ka Àgbà àti Ìwé Tí A Kò Kà sí I Létí: Ojúṣe Olùkọ́ Yorùbá ní Òkè-Ògùn

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí a ṣe ń rẹ́ àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé jẹ lórí ilẹ̀ àti owó, àti ipa tí èdè Yorùbá lè kó láti dènà rẹ̀. Ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti agbègbè wọn, ilẹ̀ ni ogún tí ọ̀pọ̀ ìdílé àgbẹ̀ ní. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á yóò gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì wá, baba yóò fi àtàǹpàkò kan tàdáwà, wọ́n á ní ó parí.

Kò parí. Òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé, èyí tó ti wà láti ayé ìjọba amúnisìn, pa á láṣẹ pé ẹni tó bá bá irú wọn kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé bí wọ́n ṣe rán an ló ṣe kọ ọ́, àti pé ó kà á, ó sì túmọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ka. Ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ yìí ló kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ti ilẹ̀ ẹbí, ẹjọ́ Ekpendu àti Erika (1959) là á mọ́lẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá dá a tà ní orúkọ ẹbí láìfi ti àwọn àgbà yòókù ṣe, wọ́n lè pẹjọ́ kí a fagi lé e.

Ti báńkì ló ṣòro jù. Láti 2014 tí Báńkì Àpapọ̀ ti dá BVN sílẹ̀, nọ́ńbà ti pọ̀ lọ́wọ́ ìyá arúgbó, orúkọ kan ṣoṣo ló sì ń pè gbogbo wọn. Ọmọ-ọmọ tó ń bá a gbowó (kì í ṣe gbogbo wọn ni olè) ló mọ ìyàtọ̀. Nínú èrò tiwa, kí a pe nọ́ńbà àkáǹtì ní ojúlé, kí a sì pe PIN ní kọ́kọ́rọ́ àpótí: àlejò lè mọ ojúlé ẹni, kì í gba kọ́kọ́rọ́.

Fún ìdánrawò, kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ ìwé àdéhùn ilẹ̀ kan sí Yorùbá, kí ó kà á fún àgbàlagbà kan, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́. Bí àgbà náà kò bá lè sọ ọ́, ìtumọ̀ ni kò tíì tó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ tún un ṣe.