Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: OLÓRÍ ÀTI IṢẸ́ ÌJỌ

Ibi kíkà: Ẹ́kísódù 18:13-26, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1-7

Ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi àti ẹ̀yin ọmọ wa, Mósè kì í ṣe ọ̀lẹ. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni ó ń jókòó dá ẹjọ́ fún gbogbo Ísírẹ́lì. Jẹ́tírò, àna rẹ̀, ló rí i pé yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì rẹ àwọn èèyàn náà. Ó ní kí ó yan àwọn tí yóò bá a gbé e. Bákan náà ni àwọn Àpọ́sítélì ṣe nígbà tí àwọn kan ń kùn nítorí àwọn opó wọn: wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje, iye àwọn ọmọ ẹ̀yìn sì pọ̀ sí i.

Olórí tí gbogbo nǹkan ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í ṣe ẹni burúkú o. Bí ìjọ bá kéré, iṣẹ́ máa ń yá lọ́wọ́ irú wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Samuel Oshoffa, ó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1947, kí ó sì tó papòdà ní 1985, ìjọ náà ti kún Nàìjíríà, ó ti dé òkè òkun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni àṣẹ wà, òun náà ló sì yẹ kó dárúkọ arọ́pò. Nígbà tí kò sí mọ́, ohùn kò ṣọ̀kan lórí ẹni tó yàn. Wọ́n fi A. A. Bada jẹ ní 1987, J. K. Owodunni ní òun ni Oshoffa yàn. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, ó di 2000 kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà tó dá a. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ikú bàbá!

Josiah Akindayomi, tó dá ìjọ Redeemed sílẹ̀ ní Èkó ní 1952, kò kàwé. Nígbà tí Enoch Adeboye, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, wọ ìjọ náà ní 1973, bàbá fi í ṣe ògbufọ̀, ó ń fi iṣẹ́ hàn án. Ó sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n kà lẹ́yìn tí òun kú ní 1980. Inú àwọn àgbà kan kò dùn, a kò ní parọ́. Lóòótọ́, àṣẹ Adeboye náà pọ̀, àmọ́ ó jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé máa darí ìjọ tuntun, débi pé ọ̀kan wà ní Bowie, tí kò jìnnà sí wa.

Àwa tí a wà ní Lanham ńkọ́? Ẹnì kan náà ló ń di kọ́kọ́rọ́ mú, òun ló ń ka owó, òun ló ń wa bọ́ọ̀sì, iṣẹ́ òru ló sì ti bọ̀. Bí ibi iṣẹ́ bá dá a dúró, ìta ni a ó wà. Àwọn ọmọ wa tó mọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ìṣirò jù wá lọ ń jókòó lẹ́yìn, a ní ọmọdé ni wọ́n. Ọmọdé wo? Ẹlòmíràn ti ń lọ yunifásítì! Èrò tèmi ni pé kí a fi kọ́kọ́rọ́ kan lé wọn lọ́wọ́ kí oṣù yìí tó parí.

ÌBÉÈRÈ
1. Èwo nínú iṣẹ́ Mósè ni Jẹ́tírò ní kó má fi sílẹ̀?
2. Bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn ìjọ wa kò bá lè wá ní Sunday tó ń bọ̀, ta ni yóò ṣí i?