Ẹ Má Torí Táyà Ta Ará Ilé Yín Lọ́pọ̀

Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kò ní rí i rà lọ́wọ̀ọ́n mọ́. Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá rí ọlọ́mọ tó ń ná táyà tókunbọ̀ lẹ́bàá títì, tí inú rẹ̀ ń dùn pé òun rí ọ̀pọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ Corolla ọdún 2005, ọkọ̀ tó ti sìn ín dáadáa. Ó ti tún AC rẹ̀ ṣe, ó ti kùn ún ní ọ̀dà, ó ti ra rédíò tuntun sí i. Ìgbà tó wá kan táyà ni ọwọ́ rẹ̀ há. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti fara kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Orí àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yẹn ni ìyàwó, ọmọ àti ìyá arúgbó jókòó lé láti Èkó dé Ìbàdàn. Bó ti wù kí bíréèkì dára tó, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́.

Táyà tó bẹ́ kò sì mọ ẹni ńlá. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, Mínísítà James Ocholi, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú lójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní táyà ló bẹ́.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni pé kó ra tuntun, bí orúkọ táyà náà kò tilẹ̀ lókìkí, kó sì fi tókunbọ̀ olórúkọ ńlá sílẹ̀. Mo mọ ohun tí fọ́kánáísà yóò sọ: "Bọ̀ọ̀dá, Michelin rèé o! Ẹ wo ojú rẹ̀, kò tíì jẹ rárá." Ojú rẹ̀ lè má tíì jẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà ń gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, ó ń le, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sán wẹ́wẹ́, ọjọ́ tó bá sì gbóná lórí eré ni yóò ya. Ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ ọ kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ lókè òkun mọ ìdí tó fi bọ́ ọ. Kọ́sítọ́ọ̀mù pàápàá ti ka kíkó táyà àlòkù ọkọ̀ kéékèèké wọlé sí èèwọ̀.

Ọjọ́ orí táyà kò fara pamọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ yí táyà náà padà, torí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí ní kíkún. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré, ṣáájú ọdún 2000 ni; ẹ má tilẹ̀ béèrè iye rẹ̀. Ọdún 4 ni FRSC ń kìlọ̀ pé kí táyà má kọjá ní ilẹ̀ wa, ìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Nígbà tí Michelin ṣì ń ṣe táyà ní Port Harcourt, tí Dunlop ń ṣe tirẹ̀ ní Ìkẹjà, ọ̀nà kò jìn. Michelin ti ilé iṣẹ́ yẹn ní 2007, kò sì pẹ́ tí ti Dunlop náà fi dáwọ́ dúró. Láti òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá báyìí, ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ kó tó dé ṣọ́ọ̀bù. Tèmi ni pé kí ẹ má gba èyí tó ti lé ní ọdún 2 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń pè é ní tuntun.

Tuntun náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ó pẹ́ tí SON, àjọ tó ń mójú tó ojúlówó ọjà, ti ń pariwo lórí àwọn tó ń ki táyà kan bọ inú òmíràn kí kọ̀nténà lè gba púpọ̀ sí i. Wáyà tó wà lẹ́nu táyà á tẹ̀, okùn inú rẹ̀ á já, síbẹ̀ ojú rẹ̀ á máa dán. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e lélẹ̀ níbi tó tẹ́jú, kí ẹ fi ìka tọ ẹnu rẹ̀ yíká. Bí ẹ bá kan ibi tó kákò, tàbí tí ẹnu rẹ̀ kò ṣe róbótó mọ́, ẹ dá a padà.

Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Àwọn kan ń fi irin gbígbóná ya ilà sójú táyà tó ti pá, wọ́n á sì tà á bí èyí tí kò tíì jẹ. Nínú ihò ojú táyà, àwọn gegele kéékèèké kan wà tí wọ́n ga tó mìlímítà 1.6; bí ojú táyà bá ti jẹ dé ọ̀dọ̀ wọn, ó parí. Bí ẹ kò bá rí gegele wọ̀nyí rárá, tàbí tí ilà ya wọ́n kọjá, irin gbígbóná ti débẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, etí ilẹ̀kùn awakọ̀ ni ẹ ti máa kà á, kì í ṣe ẹnu ẹlẹ́gbẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ Corolla ìgbà 2005 yẹn ń lo 195/65R15. Bí 91H bá tẹ̀ lé e, 91 ni pé táyà kan lè gbé kílógíráàmù 615, H sì ni eré kìlómítà 210 ní wákàtí kan. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ ju ohun tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kọ lọ, ẹ má sì fi owó ra eré tó jù ú lọ, nígbà tó jẹ́ pé 100 ni òfin gbà fún ọkọ̀ ilé lójú ọ̀nà márosẹ̀. Owó yẹn ni kí ẹ fi ṣe báláǹsì àti aláínmẹ́ǹtì.

Bí owó bá ká méjì péré, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi wọ́n sí. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò ní gbà, wọ́n á ní iwájú ló ń fa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí iwájú bá yọ̀ nínú òjò, awakọ̀ á mọ̀ lọ́wọ́ sítíárì, á sì rọra. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á ti yí kó tó mọ̀. Ẹ sì máa wọn atẹ́gùn táyà yín láàárọ̀ kó tó gbóná, títí kan ti sípíà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Táyà tí ẹ bọ́, ẹ má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún fọ́kánáísà. Wọ́n lè fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi nǹkan dúdú pa á lára, kó sì padà sórí àtẹ. Ẹ ní kó fi ọ̀bẹ ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.