Ìtọ́jú Ehoro Lẹ́yìn Omíyalé: Ibi Gbígbẹ Ni Oògùn Àkọ́kọ́



Nígbà tí a ń bẹ àwọn ìdílé wò, a rí i pé àwọn kan tí omi gbé adìyẹ àti ẹrù wọn lọ ṣì rí ehoro méjì tàbí mẹ́ta gbé sá. Ẹ má fojú kéré wọn. Oyún ehoro kò ju nǹkan bí ọjọ́ 31 lọ, abo kan sì lè bí ọmọ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọn ìyá bá yè, ẹ ó tún rí èyí tẹ́ ẹ máa tà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí omi bá ti fà ni àìsàn ń bẹ̀rẹ̀, ibi tó tutù ló sì ń bá wọlé.

Àgò wọn

Ẹ gbé àgò sókè kúrò nílẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, sábẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Bí omi bá ti wọ inú àgò rí, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi bílíìṣì ṣan án, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa. Ooru abẹ́ páànù náà ń pa ehoro. Èyí tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ gbé e lọ síbi tútù, kí ẹ fi aṣọ tútù nu etí rẹ̀. Ẹ má rì í sómi.

Oúnjẹ wọn

Àṣìṣe wa rèé. Ní ilé kan ní Ìbà, àwa fúnra wa la gé koríko etí kánáàlì fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, ikùn ehoro méjì wú, ọ̀kan sì kú. Láti ìgbà náà la ti ń sọ pé: ẹ má gé koríko níbi tí omi ẹ̀gbin dé. Ẹ gé e níbi gíga, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó rọ kí ẹ tó fún wọn. Ewé ọ̀dùnkún dára. Oúnjẹ inú àpò tó bá ti bu, ẹ dà á nù. Kò ṣeé sá gbẹ. Omi mímu wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ̀yin náà lè mu.

Àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀

1. Ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ló ń mú jù. Ọ̀kan nínú ohun tó ń fà á ni coccidiosis, tí àwọn tó ń sin adìyẹ mọ̀ dáadáa. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ohun tó wà nínú ìgbẹ́ tútù ti lè ran òmíràn, nítorí náà ẹ máa kó ìgbẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ dá ewé tútù dúró. Koríko gbígbẹ àti omi ni kí ẹ fún un. Dókítà ẹran lè fún yín ní amprolium.

2. Ikùn wíwú. Ehoro kò lè bì. Èyí tí kò bá jẹun fún ọjọ́ kan gbáko, ẹ má dúró. Ẹ wá dókítà ẹran.

3. Èépá inú etí. Kòkòrò tíntín ló ń fà á. Ẹ má ha á kúrò. Ẹ kán òróró síbẹ̀ kó rọ̀. Dókítà lè gún un ní abẹ́rẹ́ ivermectin, kó sì tún un gún lẹ́yìn bí ọjọ́ 14. Kí ẹ tó pa á jẹ, ẹ béèrè iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dúró.

4. Ọ̀fìnkìn. Bí imú bá ń dà, tí ọwọ́ iwájú sì tutù, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé.

5. Egbò àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ fi pátákó gbígbẹ sórí waya kó rí ibi sinmi.

Oògùn ènìyàn kọ́

Ẹ má tú kápúsù ampicillin tàbí amoxicillin sẹ́nu ehoro. Ó ń ba inú rẹ̀ jẹ́, ó sì lè pa á.

Bí wọ́n bá ń kú lójijì

Ní ọdún 2020, àrùn kan tó ń jẹ́ rabbit haemorrhagic disease pa ehoro ní ìpínlẹ̀ Kwara. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń ti ara aṣọ, ọwọ́, àgò àti eṣinṣin ran ehoro mìíràn. Bí ehoro tó lágbára bá ṣàdédé kú, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nímú rẹ̀, ẹ má tà á, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ sin ín jìn, níbi gíga tó jìnnà sí kànga, ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ sì sọ fún dókítà ẹran ìjọba.

A mọ̀ pé ẹni tó wà lọ́dọ̀ ẹbí kò ní àyè púpọ̀. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá fún yín ní ehoro, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó dà á pọ̀ mọ́ tiyín. Bí ẹ kò bá ní àgò kejì, ẹ sọ fún ẹni tó fún yín ní ìwé yìí. A ó jọ wá pátákó àti waya tí a ó fi kàn án.