Ta Ni Yóò Sanwó Ọdún Kẹta?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ l'Ágbàdo, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ dára, àmọ́ ẹni tó fún èèyàn lẹ́ṣin kì í bá a ra koríko.

Ẹ wo Windows 10. Ní October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni kò sì lè gba Windows 11. Ọ̀fẹ́ ni Linux tí ẹ lè fi rọ́pò Windows, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n lò kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bátìrì ínfátà náà ń gbó. Bí ẹ kò bá bu omi sí oríṣi tó ń mumi, ó tán nìyẹn.

Dọ́là ló tún le jù. Kí June 2023 tó dé, kò tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tó fi máa di February 2024, ó ti kọjá 1,500. Owó wẹ́ẹ̀bù tí ẹ ń san lọ́dọọdún ń bá a gòkè. Ẹ gba orúkọ wẹ́ẹ̀bù tó parí sí .org.ng, náírà lẹ ó fi san án.

Ẹ kọ gbogbo èyí sínú lẹ́tà tí ẹ fi ń tọrọ owó, ẹ má tijú. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ sì fi gba wẹ́ẹ̀bù, kì í ṣe ti ọmọkùnrin tó ń bá yín ṣe é. Ó lè jápa lọ́la.