Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ A TI Í ṢE ÌRÒYÌN OWÓ LÓRÍ KỌ̀ǸPÚTÀ



Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá kan dìde pé a kò yá òun lówó, nítorí ìròyìn ní owó tí òun fi pamọ́ kò tó. Ó na káàdì rẹ̀ sókè: owó pé níbẹ̀. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé ẹni tó tẹ owó náà sínú Excel kọ "5,000 náírà" lẹ́ẹ̀mẹta, dípò 5000 lásán. Kọ̀ǹpútà ka èyí sí ọ̀rọ̀, kò kà á sí owó, kò sì rò ó mọ́ ìyókù. Kò pariwo, kò kìlọ̀. A bẹ ìyá náà, a sì ṣe àtúnṣe. Ìdí nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí fún ẹ̀yin akọ̀wé àti ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣe ìròyìn fún ẹgbẹ́.

Láti 1979, nígbà tí Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé VisiCalc jáde ní Amẹ́ríkà, ni irú ètò yìí ti ń bá oníṣòwò ro owó. Excel dé ní 1985. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fún un ló máa rò.

1. Ẹ kọ ìbéèrè ìpàdé sórí ìwé kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà. Èló ni mo fi pamọ́? Èló ni mo jẹ? Èló ni èlé? Èló ló wà ní báńkì? Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè, ẹ má fi í gba àyè.

2. Ẹ ya ojú ìwé àkọsílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìròyìn. Owó kan, ìlà kan: ọjọ́, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, irú owó, iye. Nọ́ńbà ni kí ẹ fi ṣe ìdámọ̀. Ìyá Bọ́lá àti Màmá Bọ́lá, ẹnì kan náà ni lójú wa. Lójú kọ̀ǹpútà, ènìyàn méjì ni.

3. Ẹ tẹ Ctrl àti T lórí àkọsílẹ̀ náà kí ó di tábìlì, kí ìlà tuntun lè máa wọlé sínú ìṣirò fúnra rẹ̀. Kí ẹ wá fi PivotTable ro owó olúkúlùkù. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó ṣe èyí; ní oṣooṣù, ẹ kàn tẹ Refresh. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ìròyìn oṣù tó lọ ni ẹ ó kà fún wa o!

4. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ rí i pé àròpọ̀ rẹ̀ bá ìwé akápò mu. Ẹ fa káàdì márùn-ún yọ láìṣàyàn, kí ẹ fi wé e.

5. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan síbòmíràn. Iná lè lọ, kọ̀ǹpútà lè bàjẹ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Akọ̀wé tó bá ṣe báyìí kò ní máa ṣàìsùn ní òru ìpàdé, ọmọ ẹgbẹ́ kò sì ní fura sí i.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Ta ló ń fi káàdì wé ìròyìn ní ẹ̀ka tiyín? Ẹ mú káàdì yín dání wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.